Àǹtí Hilda àti Bàtà Oníhò Méjì

Bí Àǹtí Hilda ṣe ṣubú níwájú ilé ẹ̀kọ́ girama tó ti fẹ̀yìn tì, kò jọ bí ènìyàn ṣe ń ṣubú. Kẹ̀kẹ́ ti dúró pátápátá. Bíréèkì mú dáadáa. Ó kàn jẹ́ pé ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ṣì so mọ́ pẹ́dà ni, torí bàtà tuntun tó wọ̀ ní ìkọ́ irin lábẹ́, ìkọ́ náà sì ti há sínú pẹ́dà bí kọ́kọ́rọ́ ṣe ń há sínú àgádágodo. Ó fa ẹsẹ̀ ọ̀tún, kò wá. Ó fa tòsì, kò wá. Ó gbójú sókè bí ẹni tó fẹ́ bá Olúwa sọ ọ̀rọ̀ kan ní ìkọ̀kọ̀, ó wá rọra wó sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, díẹ̀díẹ̀, bí ọ̀pẹ tí wọ́n ti gé nídìí àmọ́ tí kò tíì gbà.

Àsìkò tí ilé ẹ̀kọ́ ń tú ni. Ká tó ṣẹ́jú, àwọn ọmọ ti pagbo yí i ká. Basheerah tó ń tẹ̀ lé e bọ̀ nínú márúwá, tó gbé ike omi lé itan, bẹ́ sílẹ̀, ó sáré débẹ̀, ó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí wọ́n gbé e dìde. Àǹtí Hilda fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ síbẹ̀, akoto orí rẹ̀ kò yẹ̀ rárá, kẹ̀kẹ́ sì wà láàárín itan rẹ̀ bí ọmọ ọwọ́.

“Kò sẹ́ni tó ṣubú,” ló wí. “Ìdí kẹ̀kẹ́ ni mò ń yẹ̀ wò.”

Lẹ́yìn náà ló rí ọmọkùnrin kan láàárín èrò tí ẹ̀wù rẹ̀ yọ síta. Láti ilẹ̀ tó wà, ó ní kí ọmọ náà ki ẹ̀wù bọ ṣòkòtò. Ọmọ náà ki ẹ̀wù bọ̀ ọ́. Àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ náà ki tiwọn bọ̀ ọ́. Igbákejì ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, tó yọjú láti wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀, fọwọ́ kan tirẹ̀ náà wò.

Ìtàn yìí ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ sọ ní àdúgbò Àgùdà bí ẹnu bá kan olóògbé náà, oníkálukú ló sì ní iyọ̀ tó ń fi sí i. Àwọn kan ní orí igbá búrẹ́dì ló wó lé. Àwọn kan ní mọ́tò ọlọ́pàá ló dúró dè é. Basheerah, tó wà níbẹ̀, kì í bá wọn jiyàn. Ohun tó máa ń sọ ni pé ẹni tí kò bá mọ bí bàtà náà ṣe délé, onítọ̀hún kò tíì gbọ́ ìtàn kankan.

Aṣọ ni Basheerah ń rán. Ọmọ Mushin ni, ọmọ ilé mùsùlùmí àtijọ́, ìsàlẹ̀ ilé Àǹtí Hilda ni òun àti ọkọ rẹ̀ sì yá tí wọ́n ń gbé, ibẹ̀ ló tún fi ṣe ṣọ́ọ̀bù. Àǹtí Hilda ló ni ilé náà, òun ló wà lókè. Opó ni, ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, tíṣà Gẹ̀ẹ́sì. Ọjọ́ tí wọ́n di ọ̀rẹ́, ìjà ló gbé e sọ̀ kalẹ̀. Ó ní ariwo ẹ̀rọ ìránṣọ kò jẹ́ kí òun gbọ́ ìròyìn. Kí Basheerah tó bẹ̀bẹ̀, ó ti gbé ìdúnàádúrà kalẹ̀: kí ẹ̀rọ dákẹ́ bí ìròyìn bá ń lọ lọ́wọ́, òun náà kò sì ní bẹ̀rẹ̀ orin ìsìn láàárọ̀ títí Basheerah á fi kírun tán. Basheerah kò bèèrè fún èkejì yẹn rárá. Òun ni wọ́n fi ṣe èènì.

Kò sí ohun tí Àǹtí Hilda kì í ná. Dókítà eyín kan ní Yaba sọ fún un pé eyín méjì ni òun máa yọ. Ó ní kó gba ọ̀kan. Dókítà ní ọ̀rọ̀ ìlera nìyí o, kì í ṣe tòmátì. Àǹtí Hilda dìde, ó gbé báàgì rẹ̀, ó ń lọ díẹ̀díẹ̀ bí obìnrin tó fẹ́ kí ẹlẹ́ja pe òun padà. Dókítà pè é padà. Eyín kejì yẹn wà lẹ́nu rẹ̀ títí tó fi kú, òun ló sì fi ń fọ́ eegun.

Ọdún tó fẹ̀yìn tì ni ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, Ayọ̀miídé, bẹ̀rẹ̀ wàhálà tirẹ̀. Abẹ́òkúta lòun ń gbé. Ó ti kun yàrá kan de ìyá rẹ̀, ó ti ra bẹ́ẹ̀dì tí kò ga, ó sì ti ń bá ẹnì kan sọ̀rọ̀ pé kó wá wo ilé Àgùdà bóyá ó máa rà á. Ìfẹ́ ló ń ṣe é. Ìyá rẹ̀ ti yọ̀ ní bálùwẹ̀ rí. Kò fara pa, ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, bí Ayọ̀miídé bá pe fóònù rẹ̀ tí kò tètè gbé e, inú ọkọ̀ lójú ọ̀nà Èkó ló máa ń bá ara rẹ̀.

Àǹtí Hilda kọ́kọ́ bá a jà. Nígbà tó yá, ó dákẹ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Basheerah gun òkè lọ, ó bá a lójú fèrèsé, oníbọ̀ọ̀lì kan sì wà nísàlẹ̀. Oníbọ̀ọ̀lì pe iye tó wù ú. Àǹtí Hilda ju owó náà sí i, kò ná an rárá. Oníbọ̀ọ̀lì fúnra rẹ̀ gbójú sókè bóyá ẹlòmíràn ló ti kó sílé náà. Ẹ̀rù ba Basheerah ju bí ẹ̀rù ṣe máa bà á bí wọ́n bá sọ fún un pé ó ń ṣàìsàn.

Ní ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, Ayọ̀miídé dé láti wá wọn àwọn àga, kó lè mọ èyí tó máa wọ ọkọ̀. Bí wọ́n ṣe ń jẹun, ó ń wo fóònù rẹ̀, ó rí ìpolówó ìje kan tí wọ́n fẹ́ ṣe ní Surulere, tí wọ́n ń pè ní tiráyátílọ́ọ̀nù: ènìyàn á lúwẹ̀ẹ́, á gun kẹ̀kẹ́, á sì tún sáré, gbogbo rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan náà, láìjókòó. Ìyá rẹ̀ ń bèèrè pé kí ni ẹni tó lè dá gbé ń ṣe tí ẹni tí kò lè dá gbé kì í ṣe. Ayọ̀miídé kọ ojú fóònù sí i.

“Bí ẹ bá lè parí eléyìí, Mummy, mi ò tún ní sọ̀rọ̀ kíkó mọ́.”

“Láéláé?”

“Láéláé.”

Ayọ̀miídé ń rẹ́rìn-ín. Ìyá rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín. Ó lọ sójú àtẹ̀gùn, ó pe Basheerah pé kó gòkè wá, kó wá gbọ́ ohun tí ọmọ òun ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ, kó sì fi ojú rí ẹnu tó fi sọ ọ́. Ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni Ayọ̀miídé nígbà náà, abẹ́ òrùlé obìnrin yẹn ló sì dàgbà sí. Ó yẹ kó mọ̀ pé ènìyàn kì í fi àwàdà pe ọjà fún un.

Omi kò dẹ́rù bà á. Ẹja yíyan ni ìyá rẹ̀ ń rà ní Makoko nígbà tó wà lọ́mọdé, inú ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n máa ń gbé e sí. Bó ṣe ń jábọ́ náà ló ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́. Kẹ̀kẹ́ náà, ó ti gun ti bàbá rẹ̀ rí. Èyí tí kò mọ̀ ni kẹ̀kẹ́ ti òde òní. Jude, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń lu dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn, ń lọ sí Kánádà, ó sì fún un ní kẹ̀kẹ́ ìje tirẹ̀. Kẹ̀kẹ́ náà fúyẹ́ bí àga oníke. Àmọ́ nígbà tí Àǹtí Hilda wo pẹ́dà rẹ̀, kò ju ìdérí ìgò lọ. Ó bi Jude pé níbo ni ẹsẹ̀ ń gbé.

Jude ṣàlàyé pé ẹsẹ̀ kì í gbé orí rẹ̀, ńṣe ló ń so mọ́ ọn. Ó ní bàtà pàtàkì kan wà tí wọ́n ń de ìkọ́ irin mọ́ nídìí. Bí ènìyàn bá tẹ̀ ẹ́ mọ́ pẹ́dà, á dún kà, á sì di ẹsẹ̀ mú, kó má baà yọ̀, kí agbára má sì ṣòfò. Ó kó ìkọ́ méjì fún un nínú ọ̀rá, ó ní bàtà nìkan ló kù. Orúkọ pẹ́dà náà, ó ní, ni kílípúlẹ́ẹ̀sì.

Tíṣà Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. Ó ní ṣé Jude mọ̀ pé ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn túmọ̀ sí ni ohun tí kò ní ìdìmú. Jude ní òun mọ̀. Ó ní ohun tí kò ní ìdìmú ló wá fẹ́ di òun lẹ́sẹ̀ mú yìí? Jude ní bí wọ́n ṣe ń pè é nìyẹn. Àǹtí Hilda mi orí, ó ní bí orúkọ bá ti ń purọ́, ojú ni ènìyàn gbọ́dọ̀ fi ra ọjà náà, kì í ṣe etí. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Ó kàn jẹ́ pé kò fi ojú rà á ni.

Ẹnu ló fi rà á. Ó rí bàtà kan lórí àtẹ Aminullah, oníbàtà tòkunbọ̀ ní ọjà Tẹjúoṣó: funfun báláú, ìlà pupa ní ẹ̀gbẹ́, ìsàlẹ̀ rẹ̀ le bí pákó. Aminullah fúnra rẹ̀ kò mọ ohun tí wọ́n ń fi í ṣe. Ó rò pé ti àwọn tó ń gbá gọ́ọ̀fù ni. Àǹtí Hilda wọ̀ ọ́, ó gbé ẹsẹ̀, ó ń yọ̀ síhìn-ín, ó ń yọ̀ sọ́hùn-ún bí ewúrẹ́ tó wọ ilé onítáìlì.

“Ṣé o rí i pé kò ṣe é rìn,” ló wí fún Aminullah. “Bàtà tí kò ṣe é rìn, ìdajì bàtà ni. Gba ìdajì owó.”

Aminullah ní bàtà ni, màámi, odindi ni. Ó tún rìn fún un. Àwọn oníbàtà tó wà nítòsí bẹ̀rẹ̀ sí í dá sí i, pé òótọ́ ni màámi ń sọ, èyí kò ṣe é wọ̀ lọ síbì kankan. Ó kú díẹ̀ kí Aminullah sunkún. Àǹtí Hilda délé bí ọ̀gágun tó ṣẹ́gun, ó gbé bàtà sórí tábìlì Basheerah, ó mú ìkọ́ Jude jáde, ó fẹ́ dè é.

Basheerah ló kọ́kọ́ rí i. Iṣẹ́ bọ́tìnì ni iṣẹ́ rẹ̀. Ihò mẹ́ta ló wà nídìí bàtà funfun náà, onígun mẹ́ta, ìkọ́ tí Jude fún wọn sì fẹ́ ihò méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Wọ́n pe Jude lórí fóònù. Ó bẹ̀bẹ̀ pé òun gbàgbé láti sọ ni: ẹ̀yà méjì ni bàtà wọ̀nyí, oníhò mẹ́ta àti oníhò méjì. Pẹ́dà ẹ̀yà kan kì í gba ìkọ́ ẹ̀yà kejì, ó sì yẹ kí ènìyàn mọ pẹ́dà rẹ̀ kó tó lọ ra bàtà. Àǹtí Hilda yí bàtà náà padà, ó tún un wò. Lẹ́yìn náà ló ní Jude kò gbàgbé nǹkan kan, pẹ́dà ló ti purọ́ fún gbogbo wọn láti orí orúkọ.

Jude ní kí wọ́n tú pẹ́dà, kí wọ́n gbé e dání lọ sọ́jà. Wọ́n yá sípánà. Pẹ́dà ọ̀tún gbọ́ tiwọn. Ti òsì kọ̀. Basheerah fà á, Àǹtí Hilda tì í, wọ́n jọ gun orí sípánà, wọ́n làágùn bí ẹni tó ń gúnyán. Ìgbà tí apá ń ro wọ́n ni wọ́n tó mọ̀ pé pẹ́dà òsì kì í yí bí ti ọ̀tún, òdìkejì ni wọ́n fi ń tú u. Láti àárọ̀ tí wọ́n ti ń fa sípánà náà, ńṣe ni wọ́n ń dè é le sí i. Àǹtí Hilda ju sípánà sílẹ̀. Ó ní kí wọ́n dá ti ọ̀tún padà, odindi kẹ̀kẹ́ ló ń lọ sọ́jà.

Ìdí nìyẹn tí Basheerah fi bá ara rẹ̀ níwájú Tẹjúoṣó, tó ń ti kẹ̀kẹ́ ìje gba àárín àwọn tó ń ta bùrọ́ọ̀ṣì, kọ́múù àti ṣẹ́ẹ̀tì, tó ń sọ pé ẹ ṣe é o, ẹ jọ̀ọ́ o, nígbà tí Àǹtí Hilda ń lọ níwájú bí ẹni tó ń ṣáájú ọba.

Aminullah rí wọn lókèèrè. Kí wọ́n tó débẹ̀, ó ti ń mi orí: ọjà tí òun bá ti tà kì í padà. Àǹtí Hilda ní òun kò dá a padà o, òun wá tà á fún un ni. Ó ti fọ bàtà náà, ó ti fi epo dán an. Ó wá pe iye tó ju iye tó fi rà á lọ.

Aminullah wo bàtà, ó wo Àǹtí Hilda. Ó rán an létí pé màámi fúnra rẹ̀ ló ní bàtà náà kò ṣe é rìn, pé ìdajì bàtà ni.

“Ìwọ kọ́ lo sọ pé odindi ni?” Àǹtí Hilda dá a lóhùn. “Mo ti wá gbà fún ẹ.”

Ẹ̀rín ló pa Aminullah. Ó jókòó lé àpótí, ó ń rẹ́rìn-ín títí ó fi nu ojú. Láti ìgbà náà ló ti sọ ara rẹ̀ di ọmọ Àǹtí Hilda. Ó gba bàtà funfun padà, ó ní kó fi ṣe pàṣípààrọ̀, ó sì da gbogbo àpò bàtà tó ní sílẹ̀ pé kí ó ṣà.

Ní báyìí, ojú ló ń fi rà á. Ó kọ́kọ́ yí gbogbo bàtà dojú bolẹ̀, ó ń wo ihò. Oníhò mẹ́ta, ẹ̀gbẹ́ kan. Aláìníhò, ẹ̀gbẹ́ kan. Oníhò méjì tó kù, ó wọ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá fún un ní ìka, ó jù ú nù, torí Jude ti kìlọ̀ pé ẹsẹ̀ máa ń wú nínú ooru. Èyí tí gìgísẹ̀ rẹ̀ ń yọ jáde, ó jù ú nù. Èyí tó ní okùn gígùn bí ti bàtà ṣọ́jà, ó bi Aminullah pé ta ló máa dúró ti òun de okùn nígbà tí àwọn yòókù bá ti ń lọ. Lẹ́yìn náà ló ní kí wọ́n ra omi inú ọ̀rá wá. Ó tú u sí ẹsẹ̀ ara rẹ̀ láàárín ọjà. Èrò ti pé jọ. Obìnrin kan ń bi Basheerah ní jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ pé ṣé ara màmá yá.

“Inú odò ni mo ti máa bọ̀ lọ́jọ́ ìje,” Àǹtí Hilda ṣàlàyé fún gbogbo wọn. “Bàtà tó bá kọ ẹsẹ̀ tútù, kì í ṣe tèmi.”

Èyí tó gba ẹsẹ̀ tútù kò lẹ́wà. Àwọ̀ rẹ̀ jọ ti ẹrọ̀fọ̀ tó ti gbẹ lára iṣu. Ṣùgbọ́n ihò méjì rẹ̀ wà nínú kòtò kékeré nídìí bàtà, tó fi jẹ́ pé ìkọ́ kò ní kan ilẹ̀, ènìyàn sì lè fi í rìn, kódà kó fi í sáré. Orí rẹ̀ ní ihò wẹ́wẹ́ bí asẹ́, omi á jò jáde. Dípò okùn, pátí kan ṣoṣo, bí ìgbànú kékeré, ni wọ́n ń fà, tó ń lẹ̀ mọ́ra, tó sì ń dún ràà bí wọ́n bá ṣí i. Aminullah, tó ti di ọmọ, ní ọkàn òun kò gbé e, pé bàtà náà burẹ́wà jù.

“Mi ò fẹ́ fẹ́ ẹ,” ni Àǹtí Hilda wí. “Mo fẹ́ wọ̀ ọ́ ni.”

Wọ́n de ìkọ́ mọ́ ọn níbẹ̀. Basheerah di kẹ̀kẹ́ mú, Àǹtí Hilda gorí rẹ̀, ó tẹ ẹsẹ̀ ọ̀tún. Kà. Ọjà hó yèè. Ìgbà tó fẹ́ sọ̀ ni ọjà dákẹ́. Ẹsẹ̀ kò kúrò. Aminullah fà, àwọn oníbàtà fà, níkẹyìn wọ́n ṣí pátí, ẹsẹ̀ jáde, bàtà sì ń bẹ lórí pẹ́dà síbẹ̀. Bí wọ́n ṣe ti kẹ̀kẹ́ padà sí Àgùdà nìyẹn, bàtà kan lẹ́sẹ̀ Àǹtí Hilda, bàtà kan lẹ́sẹ̀ kẹ̀kẹ́.

Jude ló ṣí wọn lójú lórí fóònù. Wọn kì í fa ẹsẹ̀ sókè, wọ́n ń yí gìgísẹ̀ síta ni. Àǹtí Hilda dúró ti ògiri àgbàlá, ó yí gìgísẹ̀ síta, ẹsẹ̀ já. Ó tún ṣe é, ó tún já. Ó ní òun ti mọ̀ ọ́n. Ó gbé kẹ̀kẹ́ bọ́ sí títì, ó kọrí sí iwájú ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ àtijọ́, kí igbákejì ọ̀gá tó ní kó lọ máa sinmi lè rí i. Ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ ni gbogbo Àgùdà ń sọ títí dòní.

Wọ́n padà délé, ó jókòó sórí àtẹ̀gùn, ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ bó. Ó bèèrè lọ́wọ́ Basheerah bóyá Ayọ̀miídé ló tọ̀nà. Ó bèèrè é gan-an, ó sì ń dúró de èsì. Basheerah ń fi òwú nu egbò náà. Kò mọ̀ bóyá Ayọ̀miídé tọ̀nà. Ó ní ohun kan tí òun mọ̀ ni pé aṣọ tí wọ́n bá rán tó fún jù, wọn kì í jù ú nù, wọ́n máa ń tú u fẹ̀ ni. Wọ́n pe Jude. Jude ní nọ́ọ̀tì kékeré kan wà lẹ́yìn pẹ́dà tí wọ́n lè fi dẹ ìdìmú rẹ̀. Basheerah fi sípánà ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ dẹ̀ ẹ́ títí tí ìfọwọ́kàn díẹ̀ fi tó láti tú ẹsẹ̀ sílẹ̀. Láti ọjọ́ náà, ní gbogbo ìdájí, bí Àǹtí Hilda bá ti fẹ́ dúró, gbogbo àdúgbò ni yóò gbọ́ tó ń kìlọ̀ fún ara rẹ̀: gìgísẹ̀ síta, Hilda, gìgísẹ̀ síta. Ìyàwó kan wà ní ojúlé kejì tó jí lọ́jọ́ kan tó bá ara rẹ̀ pẹ̀lú gìgísẹ̀ níta aṣọ ìbora.

Ọjọ́ ìje pé. Ayọ̀miídé ti Abẹ́òkúta dé pẹ̀lú àpótí oògùn, aṣọ ìbora, àti ojú ẹni tó ń lọ sí ilé ẹjọ́. Òun àti Basheerah dúró létí odò ìlúwẹ̀ẹ́. Àwọn ọ̀dọ́ bẹ́ sínú omi, wọ́n ń ja omi bí ẹni tó ń bá a ṣọ̀tá. Àǹtí Hilda rọra sọ̀ sínú omi, ó gbé orí sókè bí ọmọ Makoko, ó sì ń kí àwọn tó ń ṣọ́ omi kú iṣẹ́ bó ṣe ń kọjá. Òun ló jáde kẹ́yìn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ tutù. Ó ki ẹsẹ̀ bọ bàtà, ó fa pátí, ràà, ó gba kẹ̀kẹ́ mú, ó sì sáré. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà níwájú rẹ̀ tí bàtà oníhò mẹ́ta rẹ̀ ń tàn bí wúrà. Ìkọ́ ńlá nídìí bàtà náà ń yọ̀ lórí kọnkéré, ó di kẹ̀kẹ́ mú bí afọ́jú ṣe ń di ọ̀pá mú. Àǹtí Hilda ní pẹ̀lẹ́, ọmọ mi, ó sì kọjá lára rẹ̀.

Níbi tí wọ́n ti ń yí kẹ̀kẹ́ padà, tí Ayọ̀miídé àti Basheerah ti lọ dúró dè é, mọ́tò àwọn tó ń ṣètò ìje ya sọ́nà lójijì. Ó di dandan kí Àǹtí Hilda dúró. Ayọ̀miídé ti gbé ẹsẹ̀ láti sáré, Basheerah gbá a lápá mú. Wọ́n rí i tí ètè rẹ̀ ń mì. Wọn kò gbọ́ ohùn rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì mọ ohun tó ń sọ. Gìgísẹ̀ yí síta. Ẹsẹ̀ já. Àǹtí Hilda fi ẹsẹ̀ kan gúnlẹ̀ láàárín títì, ó nàró ṣánṣán, ó sì ń juwọ́ sí awakọ̀ náà pé kó máa lọ, òun ti yọ̀ǹda fún un.

Eré sísá ló gbà á lákòókò. Rírìn ló rìn ín. Àwọn tó kù ti parí, wọ́n ti jẹun, àwọn kan ti lọ sílé. Ẹnu ibi àṣeparí ni wọ́n gbé rọ́bà ńlá kan tí wọ́n fẹ́ atẹ́gùn sí kalẹ̀ sí, bí ẹnubodè aláwọ̀ búlúù. Nígbà tí Àǹtí Hilda yọ ní kọ̀rọ̀, wọ́n ti ń tú atẹ́gùn rẹ̀, ó ti wó sílẹ̀ bí ìrẹsì tó ti jinná jù.

Ó rìn dé etí ìlà, ó dúró. Ọmọbìnrin tó ń wo aago, Jael lorúkọ rẹ̀, ń bẹ̀ ẹ́ pé kó kọjá, ìṣísẹ̀ kan ló kù. Àǹtí Hilda na ìka sí ẹnubodè tó wà nílẹ̀.

“Ẹ tún un fẹ́.”

Jael ní màmá, àkókò ń lọ.

“Jẹ́ kó máa lọ,” ló dáhùn. “Èmi ti dé.”

Àwọn olùṣètò wo ara wọn. Ọ̀kan ní wọ́n ti kó wáyà ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn sínú ọkọ̀. Kí ẹnikẹ́ni tó tún sọ̀rọ̀, Ayọ̀miídé ti sọ àpótí oògùn sílẹ̀. Ó lọ gbé wáyà náà jáde, ó fi í sínú ẹ̀rọ, ó kúnlẹ̀ di ẹnu rọ́bà mú fúnra rẹ̀. Rọ́bà búlúù náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbérí, ó mi jìgìjìgì, ó nàró. Àwọn tó ti ń lọ ilé padà wá. Gbogbo wọn ń pàtẹ́wọ́. Àǹtí Hilda ṣe akoto rẹ̀ dáadáa, ó gbé ẹsẹ̀, ó kọjá lábẹ́ ẹnubodè náà pẹ̀lú orí gíga, ó sì bá ọmọ rẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀, tí omi ń dà lójú rẹ̀ wàràwàrà.

“Láéláé?” ló bi í.

“Láéláé, Mummy.”

Ó fi ọwọ́ nu ojú fún un. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí Jael, ó ní kó bu díẹ̀ kúrò nínú àkókò tó wà lójú aago yẹn fún òun, àwọn ló jẹ́ kí òun dúró. Jael sì bù ú.

Àǹtí Hilda gbé inú ilé rẹ̀ ní Àgùdà títí ó fi dàgbà dáadáa. Ó tún ṣe ìje mìíràn, ó kọ́ àwọn obìnrin àdúgbò bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́, ó ná gbogbo ohun tó bọ́ sí i lọ́wọ́. Ojú oorun ló ti lọ, láàárọ̀ ọjọ́ ọyẹ́ kan, nínú bẹ́ẹ̀dì gíga tirẹ̀. Basheerah ló kọ́kọ́ mọ̀, torí pé ilẹ̀ ti mọ́, òkè sì dákẹ́.

Lọ́jọ́ ìsìnkú, Ayọ̀miídé bẹ Basheerah pé kó sọ̀rọ̀. Ó jáde síwájú nínú ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́tọ́díìsì pẹ̀lú híjáàbù rẹ̀, ó sọ ti dókítà eyín, ó sọ ti Tẹjúoṣó. Ìjọ rẹ́rìn-ín títí ọ̀pá ìmọ́lẹ̀ ń mì. Aminullah, tó jókòó lẹ́yìn pátápátá, ń fi ọwọ́ gbá orókún. Àlùfáà bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ń nù ún. Ibi tí Basheerah fẹ́ parí sí nìyẹn. Ó ti yí padà láti jókòó, ó tún dúró.

“Nígbà tí ọkọ mi kú,” ló wí, “Àǹtí sọ̀ kalẹ̀ wá, ó jókòó tì mí lórí ẹní. Ẹnu yẹn tí ẹ mọ̀, kò là á. Ó di ọwọ́ mi mú títí ilẹ̀ fi ṣú, kò sọ nǹkan kan, kò bèèrè nǹkan kan.”

Ayọ̀miídé dìde lórí ìjókòó ẹbí, ó wá mú un lọ́wọ́, ó sì mú un lọ jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀. Dùùrù bẹ̀rẹ̀. Basheerah kò mọ orin tí wọ́n ń kọ, ṣùgbọ́n ó dìde dúró pẹ̀lú àwọn ẹbí títí tó fi parí.